Aago Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pa Tì

Ẹ jọ̀ọ́, ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo lọ sí Erúnmu lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà tí oko adìyẹ ńlá kan gbà mí láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Òṣìṣẹ́ tó bá dé á tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kọ àsìkò tó dé sílẹ̀.

A kì í pa kọ̀ǹpútà náà. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí rẹ̀, ló ń ka àsìkò fúnra rẹ̀, ó sì máa ń fi bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún sáré lójúmọ́. Iṣẹ́ mi ni láti fi í wé aago rédíò ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí n sì tún un ṣe. Nígbà tó yá, mo pa á tì fún oṣù mélòó kan. Mo rò pé ohun kékeré ni.

Ọkọ̀ ló ń tètè gbé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wá. Bàbá Ràfíù, tó ń fún adìyẹ lóúnjẹ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n máa ń dé bí aago méje tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ bá ku díẹ̀. Nítorí náà, àwọn nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kọ pé wọ́n pẹ́.

Wọ́n wá bá mi. "Ọmọ mi, aago yín yìí ń sáré. Èmi ni ládàánì àdúgbò wa. Mo mọ ìgbà tí mo kírun àsùbá, mo mọ ìgbà tí mo gbéra."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ràfíù, ẹ̀rọ lẹ tún fẹ́ bá jà?"

Èmi náà ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣìṣe." Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá oko náà lé Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pé wọ́n ń pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó tẹ́tí sí rédíò. Aago wa ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yá jù. Dípò kí n sọ, mo pàṣẹ fún kẹ́nẹ́ẹ̀lì kó máa dín eré rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá rédíò mu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aago kò fò sẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ kankan. Kò sẹ́ni tó fura.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Bàbá Ràfíù nílé wọn ní Erúnmu láti jẹ́wọ́. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé Bàbá ti fi ìrun pípè sílẹ̀ fún ẹlòmíì. "Àwọn fúnra wọn ló ní ẹni tí kò mọ aago méje mọ́ kò gbọdọ̀ pe èèyàn sírun."

Bàbá wà níbẹ̀, wọn ò jiyàn. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, aago mélòó ló lù?" Mo sọ fún wọn, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo lọ, mi ò sọ ohun tó gbé mi wá.

Mi ò lè búra pé ọ̀rọ̀ aago yìí nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí mìíràn. Oko náà ti kógbá sílé, kò síṣẹ́ tí mo lè bá wọn gbà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ṣé Bàbá nìkan ni kí n sọ ọ́ fún ni, àbí kí n sọ ọ́ ní mọ́sálásí lójú gbogbo èèyàn? Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá ṣì lè gba ara wọn gbọ́.