N Kò Ní Kúnlẹ̀ fún Kóòṣì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi ọkùnrin kì í kí mi mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á pọnmi, á gbálẹ̀, á bá mi gbé ẹja dé Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní dọ̀bálẹ̀, kò sì ní sọ pé ẹ káàárọ̀. Ó ń dùn mí wọnú eegun. Àwọn ẹbí ọkọ mi ní Ìkòròdú ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á, pé tí mo bá lè lọ kúnlẹ̀ bẹ Kóòṣì, gbogbo rẹ̀ á tán. Kí n kúnlẹ̀ fún ta ni? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ni Jámíù ọmọ mi yìí ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nítorí ilé ìwé. Èmi wà ní Ẹ̀pẹ́ nídìí ẹja, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń lọ bá wọn. Lẹ́yìn ilé wọn níbẹ̀, nínú ilé kan tí Àlájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kò tíì kọ́ parí, ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kóòṣì da sìmẹ́ńtì sínú agolo, ó fi irin gbọọrọ so wọ́n pọ̀, ó ní jíìmù lòun ṣí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Òun náà ló tún ń fún wọn ní ẹ̀wà àti ẹyin. Kò pẹ́ tí àyà Jámíù fi fẹ̀, tí apá rẹ̀ ki, inú mi sì dùn, torí ọmọ tí àìsàn kì í fi sílẹ̀ ní kékeré ni. Mo tilẹ̀ fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí Kóòṣì pé ó ṣeun. Àfìgbà tó ra fóònù fún ọmọ mi, tí èmi tí mo bí i ò tíì ní, ni ara fu mí. Mo ní kí ni fóònù wà fún. Jámíù ní kí Kóòṣì lè máa rí àwọn pè tí iṣẹ́ bá yọ ni. Iṣẹ́ wo? Ó ní ìdúró lásán ni, pé ibi tí Kóòṣì bá ní káwọn dúró sí làwọn máa ń dúró. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kó di ọkùnrin.

Ní ọjọ́ ọjà kan, mo lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ejìnrìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ sáré dé, ó ní àwọn ajagungbalẹ̀ ti wọ oko. Mo bá a sáré lọ. Bọ́ọ̀sì méjì ló dúró síbẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ti bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ká apá mọ́yà, wọ́n tò bí ìgànná. Wọn ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú wọn tòun ti àdá lọ́wọ́. Jámíù mi wà láàárín wọn! Bó bá ṣe pé oníbìínú ni ẹ̀gbọ́n mi, ara ọmọ mi ni àdá yẹn ì bá kọ́kọ́ bà. Kóòṣì ní tirẹ̀ jókòó sínú bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rù ò bà mí, inú ló bí mi. Mo rìn lọ bá ọmọ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jámíù, ẹ̀gbọ́n mi lo wá lé kúrò lóko bàbá mi?"

Kóòṣì sọ̀ kalẹ̀. "Màdáámù, ẹ má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ẹ fi bọ̀ì yẹn sílẹ̀."

Mo kọjú sí èyí tó dúró ti ọmọ mi, mo ní, "Ìwọ, ọmọ ta ni ẹ́?" Ó wolẹ̀. Mo tún un bi. Ó ní, "Ìyá Télọ̀ ni màámi, mà. Ní Lásúnwọ̀n." Mo bi ìkejì, mo bi ìkẹta. Àwọn ọmọ tí wọ́n ga jù mí lọ ń dárúkọ ìyá wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹnì kan ti ń wá ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀. Ta ló fẹ́ lé àgbàlagbà lóko lẹ́yìn tó ti dárúkọ ìyá rẹ̀ tán? Kóòṣì pariwo títí, wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n lọ. Jámíù ò bá wọn lọ.

Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ní ọjọ́ kejì mo mú ọ̀nà Lásúnwọ̀n pọ̀n, mo ń wá àwọn ìyá tí wọ́n dárúkọ fún mi kiri láti ilé dé ilé. Òmíràn tilẹ̀kùn mọ́ mi, Ìyá Télọ̀ ń sunkún. Wọ́n kó ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ Kóòṣì, jíìmù tú. Mo dá fóònù padà fún Kóòṣì, mo kó ọmọ mi wá sí Ẹ̀pẹ́. Ni Àlájì bá pe ìpàdé ẹbí, ó ní mo ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́, pé ẹni tó ń bọ́ ọmọ ẹni kì í ṣe ọ̀tá ẹni. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Mo ní, "Àlájì, ẹ má bínú o. Bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ni wọ́n kó síwájú àdá, ṣé ẹ máa lọ kí Kóòṣì pé ó ṣeun?" Mo dìde, mo wọkọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ rárá. Ìmọ̀ràn tí mo ń wá lọ́dọ̀ yín ni bí mo ṣe máa rí ojúure ọmọ mi padà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ sí jíìmù, mi ò ní kí wọ́n má lọ, irin ò ṣẹni. Ẹ sáà lọ wo ẹni tó ni ín. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ gbà, bó bá ní òun ò gba nǹkan kan, ẹ tún un bi.

Lánàá, bí mo ṣe ń bẹ Jámíù pé kó bá mi sọ̀rọ̀, gbólóhùn kan péré ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ sọ mí di ọmọdé lójú àwọn ẹgbẹ́ mi." Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọdé mà ni! Ohun tí mo lọ sọ fún wọn lóko nìyẹn.