Wáyà tí Mo Fi Pa Ẹ̀rọ Lẹ́nu Mọ́

Fàthíà, èmi Ṣóbọ̀wálé ni, ẹnjiníà ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Igando. Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi ò tó oṣù mẹ́ta tó fi rẹ̀ mí. Níbi fidáù ìyá rẹ ní Egbeda, mo gbọ́ tó o sọ fún ẹbí pé, "Màámi ló fọwọ́ ara wọn fà á, wọn ò lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ." Mo jẹ ìrẹsì yín tán, mo fọwọ́, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sí kókó ara yẹn, iná inú rẹ̀ kì í ṣàn bí omi. Ńṣe ló máa ń ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní igba ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí àkókò tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ìtànṣán ò ní lágbára dé ibi tí kókó wà. Awọ ara ló máa jó. Bí àkókò bá ti ń yẹ̀, ẹ̀rọ náà á dá ara rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n swíìṣì tó ń ta iná náà ti gbó, àkókò rẹ̀ ń yẹ̀, ẹ̀rọ sì ń dúró lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Àwọn aláìsàn ń kùn. Ọ̀gá wa ní, "Ṣóbọ̀wálé, àbí o ò mọ iṣẹ́ yìí ni?" Èmi tí mo ti ṣe é fọ́dún mọ́kàndínlógún. Mo mú wáyà kékeré kan, mo fi so ibi tó ń dá a dúró pọ̀, kó má lè dúró mọ́. Tolú tó ń tẹ ẹ̀rọ bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti dáa báyìí?" Mo ní, "Ó ti dáa jàre." O ò rí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi lò ó bẹ́ẹ̀. Àyà ìyá rẹ dúdú, ó bó, kókó náà ò dínkù. Wọ́n wá bá mi ní kọ́rídọ̀, wọ́n fọwọ́ di ògiri mú. "Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Ó jọ pé mo máa ń mira lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, òtútù ibẹ̀ ni. Ṣé èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́?" Mo wojú wọn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá, ẹ̀ ń mira." Ìwọ náà wà níbẹ̀, o bá wọn wí lójú mi. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo ti yọ wáyà náà. Láàárọ̀ yìí mo kọ orúkọ àwọn aláìsàn mẹ́jọ yòókù tó lo ẹ̀rọ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn fún ọ̀gá, kí wọ́n tètè pè wọ́n padà. Wọ́n lè lé mi, wọ́n lè fà mí fún ọlọ́pàá. Kò ṣe mí bíi nǹkan kan. Mi ò tíì sunkún, mi ò sì mọ ìdí. Má tíì foríjì mí. Kọ́kọ́ lọ síbi sàréè ìyá rẹ, kó o sọ fún wọn pé wọn ò mira rárá. Mo máa ń wò wọ́n nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń fi ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ hàn. Ètè wọn nìkan ló máa ń mì, wọ́n ń ṣàdúà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó o bá fi mí ṣe, mo gbà á.