Ìdágbére fún Dókítà Ẹ-Dúró-Ná

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ohùn mi ò ròkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀.

Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó dé kẹ́yìn sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara àwọn ọmọdé. Nígbà tí mo dé, mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí. Màmá tí a wá sin lónìí yìí ló fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Ìwọ tí ò ń fi ojú sọ̀rọ̀ yìí, wá jókòó."

Dókítà Ẹ-Dúró-Ná la máa ń pè é lẹ́yìn. Ẹ má purọ́, gbogbo wa la pè é bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Tí wọ́n bá gbé ọmọkùnrin wá tí kórópọ̀n rẹ̀ kan wú, màmá ò ní kọ́kọ́ wo èyí tó wú. Èyí tó dá ṣáṣá ni á kọ́kọ́ wò. Á ní, "Jẹ́ n mọ bí Ọlọ́run ṣe dá ọmọ yìí ná." Á ti fi ìgò jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ara ọmọ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé e há abíyá, kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré wá, kórópọ̀n rẹ̀ kan wú. Oníṣẹ́-abẹ ti sọ fún un pé ó jọ jẹjẹrẹ, àfi káwọn yọ kórópọ̀n náà kúrò. Ìyá ń sunkún láìjẹ́ kó dún. Ọmọ wo ojú ẹ̀rọ, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aláboyún, ó yíjú sí dókítà.

"Màmá, ṣé mo lóyún ni?"

"Ọkọ mi, tó o bá lóyún, èmi ni màá sọ ọmọ lórúkọ."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín tòun ti omijé.

Màmá wò, ó tún wò. Kókó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì, ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì ṣàn nínú rẹ̀; jẹjẹrẹ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́-abẹ yọjú.

"Màmá, wọ́n ti ń retí wa ní yàrá iṣẹ́-abẹ."

"Ẹ dúró ná, àbúrò. Ẹ wá fojú ara yín wò ó."

"Màmá, ẹ tún ti dé!"

Kò dìde nídìí ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ, kókó nìkan ni wọ́n yọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kórópọ̀n ọmọ ṣì wà lára ọmọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àárò àwọn ọ̀sán yẹn ń sọ mí. Yàrá á ṣókùnkùn díẹ̀, màmá á ti bọ́ bàtà, á máa kọrin sínú, ojú ẹ̀rọ á máa tàn sí i lójú.

Màmá, ọmọ yẹn ń padà bọ̀ fún àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Á bèèrè yín. Màá fa àga fún un, màá sì sọ fún un pé ẹ ti lọ. Tó bá sunkún, màá jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, ká tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ máa lọ ní àlàáfíà, màmá mi. Kí ọ̀nà yín tutù.