Títì tí Mo Tẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi, nítorí n kò kọ ọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mo sì ti di bàbá arúgbó báyìí. Ǹ bá máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi pe títì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí mo fi títì náà ṣẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó wá ṣàdúà níbẹ̀.

Gíwá yunifásítì ni mí. N kò ní í sọ èwo. Bí mo bá ń lọ síbi tí ẹsẹ̀ lè gbé mi dé, ọkọ̀ mẹ́ta ló ń bá mi lọ, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbé ju fáìlì lọ. Oyè tó wà níwájú orúkọ mi pọ̀ débi pé ẹni tó bá ń fi mí han àwùjọ máa ń mumi láàárín. Lórí tábìlì oníjókòó méjìlá ni mo ti ń jẹun, èmi nìkan. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Agbọ́únjẹ á gbé abọ́ sílẹ̀, á sì yára jáde bí ẹni pé mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè ìdánwò.

Orí títì kan ni gbogbo oyè yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Abẹ́ ìjọba sójà la wà nígbà yẹn, ètò ọrọ̀-ajé SAP sì ń fojú gbogbo wa rí màbo. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ tán lórí bí a ti ń ya àwòrán ìlú: ibi tí títì máa gbà, ibi tí ọjà máa wà. Ọ̀yọ́ ni ilé wa, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Ọ́fíìsì tí mo wà rán mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ya títì tuntun tó máa jáde sí ìhà Sábó. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ààfáà Búráímọ̀, télọ̀ kan tó tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, fún mi ní yàrá nínú ilé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ará Ọ̀yọ́," báyìí ló máa ń pè mí, "ọmọ ààfin tó ń sùn lórí ẹní mi! Ṣé o ti jẹun?"

Mo ya ìlà títì náà. Ó gún régé. Ṣùgbọ́n ó gba iwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan kọjá, ilé bàbá Adérónkẹ́. Adérónkẹ́ tí mo pàdé nílùú náà ni mo fẹ́ fi ṣe aya, bàbá rẹ̀ kò sì tíì gbà. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, ó mú mi dé bákónì, ó nawọ́ sí ọ̀ọ́kán.

"Mo gbọ́ pé títì yín ń bọ̀, ọmọ ìwé. Ṣé ẹni tó máa wó ilé mi ni mo máa fún lọ́mọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo pa ìlà náà rẹ́, mo tẹ títì.

Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó kọjú ìbọn sí mi. Pẹ́ńsù lásán ni. Ìlà tuntun yẹra fún pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wá gba àárín ilé Ààfáà kọjá: ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, ilé kéú, àti yàrá tí èmi fúnra mi ń sùn.

Mo rò pé mo máa sọ fún un. Òun ló kọ́kọ́ bi mí, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ará Ọ̀yọ́, ìwọ tí o mọ̀wé, títì yìí, ṣé ó kàn wá? Mo fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ni, a máa so yìgì ọmọ mi lẹ́yìn ààwẹ̀."

Mo ní, "Kò kàn yín, bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ra páànù tuntun. Èmi ni mo di àkàbà mú fún un nígbà tó ń kan páànù mọ́ ilé tí mo mọ̀ pé wọ́n máa wó. Ó ń pariwo látòkè pé, "Mú un dáadáa o! Bí mo bá já lulẹ̀, ààfin yín ló máa bọ́ ìyàwó mi!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn yìgì, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀. Ó wá bá mi ní yàrá. Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi. Ẹkún ni mo bú sí, ó sì jókòó tì mí.

"Wọ́n tan ìwọ náà jẹ ni, ọmọ mi. Àwọn ọ̀gá yín ni ò jẹ́ kí o mọ̀. Ó tó, má sunkún mọ́."

Ilé rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wó, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo sì jẹ́ kó máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kó lọ sí Ìkòyí-Ilé, ó lọ ń dáko.

Adérónkẹ́ di ìyàwó mi. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ló dé tí títì náà fi tẹ̀, mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní títì tó bá gún jù máa ń tètè sú ojú, pé èyí tó tẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹni tó ń rìn máa retí nǹkan. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì tó le dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Wọ́n pè mí lọ sókè òkun láti wá ṣàlàyé rẹ̀. Ó sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sọ mí di gíwá. Títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wo títì náà. Wọ́n á dúró síbi tó ti tẹ̀, wọ́n á máa mi orí. Ibẹ̀ gan-an ni ilé kéú wà.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti sọ fún ìyàwó mi. Bí mo ti dárúkọ títì, ó ní, "Dádì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yín." Ó kú láìmọ̀.

Lọ́dọọdún, Ààfáà máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi láti Ìkòyí-Ilé. Mo máa ń jẹ ẹ́ lórí tábìlì oníjókòó méjìlá yẹn.

Àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ ló wá a rí. Ó pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ará Ọ̀yọ́! Wọ́n ní títì ọ̀hún ti di tìẹ! Ṣé o rí i, Ọlọ́run ti dá ọ láre lórí àwọn tó tàn ọ́ jẹ. Mo ń bọ̀ wá ṣàdúà fún ọ, níbi tí ilé wa wà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ fún un, ẹ̀rù ń bà mí pé mo máa gba ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀: ìgbàgbọ́ pé kì í ṣe ẹni tó sùn lórí ẹní rẹ̀ ló wó ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí náà ni mo ti ń sọ nípa títì yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ní Sátidé, Ààfáà máa tẹ́wọ́ àdúà níbi tí mo ti di àkàbà mú fún un. Gbogbo èèyàn máa ṣe àmín. Èmi ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dáhùn?