Ohun Tí Mo Lọ̀ Mọ́ Àgúnmu Jàbárù

Ẹ dá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn dúró ná, Alàájì Sùlàímọ́nù. Ẹ ti ní kí wọ́n di ẹrù wọn, pé Mùlíkàt ìyá wọn ló pa Jàbárù àbúrò yín, pé bó ṣe da oògùn ẹ̀yìn rẹ̀ nù ni ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Gbogbo ilé ló gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnu tèmi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ó dáa. Ẹnu yìí kan náà ni ẹ ó ti gbọ́ èyí tó kù, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo lá àlá, tàbí pé àìsàn kan ń ṣe mí tí mo fi fẹ́ tún ọ̀nà ọ̀run mi ṣe. Ara mi le koko. Aáfà kankan kò rí nǹkan sí mi. Mo kàn jókòó síbí láti ìgbà tí a ti parí àdúrà fídáù, mo ń wo bí ẹ ṣe ń fa ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, mo wá rí i pé bí mo bá dákẹ́, màá tún ba ayé ẹlòmíràn jẹ́ ni.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Gàníyátù ará Ìgbòho, tí ẹ ń pè ní Ìyá Alágùúnmu lẹ́bàá ọjà sìmẹ́ńtì ní Dei-Dei ní Àbújá níbí. Àgúnmu mi mọ́ tẹ́lẹ̀. Egbò àti èèpo igi tí ìyá mi fi hàn mí ni, pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata díẹ̀. Ó máa ń mú ara tu èèyàn díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló wá ń fẹ́ díẹ̀ ní Dei-Dei? Ọjọ́ tí Jàbárù kọ́kọ́ wá bá mi, ọwọ́ ló fi ti ìbàdí wá, ó ń rìn bí arúgbó. Òun ni olórí àwọn tó ń já sìmẹ́ńtì nínú tírélà tiyín, Alàájì, báàgì méjì ló sì máa ń gbé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní, "Jàbárù, ìsinmi ni oògùn ẹ̀yìn yìí. Báàgì kan ni kí o máa gbé. Bí o bá fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀, orúnkún ni kí o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Fi aṣọ tí o rì bọ omi gbígbóná lé e lálẹ́, máa rìn kiri díẹ̀díẹ̀, má kàn sùn gbalaja. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, gba ọsibítù lọ." Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ti di nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá sinmi níbí, kó tó padà dé, ẹlòmíràn ti gba ipò rẹ̀." Ó lọ, kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ tí mo sọ yẹn ni kò tà.

Festus ló kọ́ mi ní èyí tó ń tà. Ọmọ Kàbbà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Zuba. Mo ráhùn fún un pé àwọn oníbàárà mi ń sá, ó sì mú páálí hóró oògùn òyìnbó kan jáde, hóró funfun pélébé báyìí. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ èyí mọ́ ọn. Ẹni tí kò lè dìde á sáré." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ má jẹ́ kó dá a dúró lójijì. Ó lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù." Ó ní iṣẹ́ kan tí ara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe ni oògùn náà ń bá a ṣe, bó bá sì pẹ́, ara á gbàgbé iṣẹ́ ọ̀hún pátápátá. Mo gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé mi ò kàwé. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, mo sì lọ̀ ọ́.

Nígbà tí Jàbárù tún padà wá, mo tà á fún un, ó sì dìde. Ẹ̀yin náà rí i, ó ń gbé báàgì méjì, ó tún ń kọrin sí i. Gbogbo alábàárù Dei-Dei ló wá tò sí ẹnu ọ̀nà mi. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ róbótó. Àwọn awakọ̀ tírélà á ní, "Kai, Jàbárù, ka yi kiba," pé ó ti sanra, wọ́n á fọwọ́ gbá a níkùn. Alàájì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wí lójú gbogbo èèyàn pé Àbújá ti gba àbúrò yín, pé ojú rẹ̀ ti fi hàn pé ó ń jẹun ire. Èèyàn kan ṣoṣo ni kò bá wa yọ̀. Mùlíkàt dé láti ilé lọ́dún tó kọjá, 2015, kò pẹ́ tó fi wá bá mi. Ó ní, "Ìyá, ọkọ mi kò sanra, ó wú ni. Itan rẹ̀ ti gbẹ. Bí mo bá di apá rẹ̀ mú, ojú ibẹ̀ á dúdú." Mo pariwo kí àwọn obìnrin tó wà nítòsí lè gbọ́. Mo ní, "Ẹ wá wo ìyàwó tí kò fẹ́ kí ọkọ òun sanra." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ó da àgúnmu mi tó wà nínú agolo sínú gọ́tà, ó gún ewúro gbígbẹ sínú agolo kan náà kí ọkọ rẹ̀ má bàa fura. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Jàbárù bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kò lókun, ó sì ṣubú lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ tírélà. Èmi ni Mùlíkàt sáré wá pè. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù ló ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun ti dà á nù, ó ní ṣé kì í ṣe ìyẹn ló fà á. Ọ̀rọ̀ Festus ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo ní kó má dààmú, pé ibà ni.

Ibi tí mo ti pa á rèé. Dókítà tó gbà wá, obìnrin kékeré kan tí kò gbọ́ Yorùbá ni. Mùlíkàt kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo ti pẹ́ ní Àbújá ni mo dúró láàárín wọn. Dókítà ní oògùn wo ni ọkùnrin yìí ń lò, ìbáà jẹ́ hóró, ìbáà jẹ́ ti ìbílẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mùlíkàt bó ṣe wà. Ó ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un pé àgúnmu ni, pé mo ti dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́." Mo yíjú sí dókítà, mo fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ní kò lo nǹkan kan, pé ibà lásán ni. Dókítà wo ojú Jàbárù tó rí róbótó, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Mùlíkàt sì ń mi orí sí gbogbo ohun tí mò ń wí, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ni mò ń sọ. Ibà ni wọ́n wò fún Jàbárù títí ó fi dákẹ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà á là. Mo bẹ̀rù ọlọ́pàá, mo bẹ̀rù kí ìsọ̀ mi má wó, ojú sì ń tì mí. Kò tó nǹkan tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ pààyàn.

Kò sì tán síbẹ̀. Níbi tí a ti ń kẹ́dùn, mo jókòó láàárín yín, mo ní ká ní Mùlíkàt kò da oògùn mi nù ni, ọkọ rẹ̀ ì bá wà láàyè. Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ gbé tí ẹ fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Ẹ ti ń bú mi. Ẹ bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Orí sìmẹ́ńtì ta ni ẹ̀yìn Jàbárù ti bàjẹ́? Ta ló ní ẹni tí kò lè gbé méjì kó máa lọ sílé? Ká ní ẹ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kì bá tí padà wá bá mi. Mi ò ní gbé ẹ̀bi tiyín mọ́ tèmi. Tèmi ti wúwo tó. Páálí oògùn náà rèé, mo mú un wá, ẹ pe ọlọ́pàá, ibí ni wọ́n á ti bá mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń já ẹrù, tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, báàgì kan, èèyàn kan. Èyí tó bá tóbi, ẹ pé méjì gbé e. Oògùn tó bá mú kí ìrora ọdún pípẹ́ lọ ní ọjọ́ kan, ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mùlíkàt, ìwọ nìkan ni mò ń bẹ̀ nínú ilé yìí. O lè má dá mi lóhùn.

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dìde pé ẹ fẹ́ lọ da tiyín nù. Ẹ má dà á nù. Ẹ mú agolo náà àti páálí yìí, ẹ gbé e lọ bá dókítà lónìí, kí wọ́n máa dín in kù fún yín díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin náà, Alàájì. Ẹ rò pé mi ò mọ ẹni tí ọmọ iṣẹ́ yín máa ń ra àgúnmu orúnkún fún lọ́wọ́ mi? Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wò. Bí ìyàwó yín bá délé nísinsìnyí, tó da tiyín nù nítorí pé ó fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé, tí ẹ bá ṣubú, ṣé òun náà ni a ó ní ó pa yín, tí a ó sì máa pín àwọn ọmọ rẹ̀?