Ìkúùkù Ará Ìkẹ́yìn

Alága wa, Waino Kettunen, ìjókòó yín yóò tura. Ẹ̀yin àgbà tó ti ń gun alùpùpù yìnyín kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa, mo júbà. Ẹ̀yin aya àtọkọ tó ń dúró lójú fèrèsé títí a ó fi dé, ẹ kú àdúrótì wa. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Èmi Reino lẹ mọ̀ sí ará ìkẹ́yìn. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń gun tèmi lẹ́yìn gbogbo yín, tí ẹ̀ ń da yìnyín sí mi lójú. Bí a bá pàdé àwọn mìíràn lọ́nà, ẹni iwájú a na ìka láti fi iye ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Èmi a di ìkúùkù: kò sẹ́nikẹ́ni lẹ́yìn mi mọ́. Ẹ sì ń fi okùn, ìṣáná àti aṣọ gbígbẹ tí mò ń gbé kiri ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Waino a ní, "Reino, ṣé ilé lò ń kó ni?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, Alága, ṣòkòtò mi lẹ wọ délé lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú sódò.

Wọ́n ní bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ará ẹ̀yìn a kọ́gbọ́n. Ó dáa. Bí ará ẹ̀yìn bá jìn ńkọ́? Ta ni yóò mọ̀?

Delphine tó jókòó yìí, tó máa ń gùn níwájú mi gan-an, ló mọ̀. Nígbà òtútù tó kọjá, omi dídì là lábẹ́ mi lórí Adágún Halvari, gbogbo yín sì ti kọjá. Òun ló wẹ̀yìn bí òfin wa ṣe wí, tí kò rí iná mi, tó dúró. Ẹni iwájú rẹ̀ náà wẹ̀yìn, kò rí iná tirẹ̀, ó dúró, títí ó fi kan Alága. Ìṣó méjì tí mo máa ń so kọ́rùn nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń gún omi dídì kí n má baà rì. Delphine kò sáré wá bá mi o! Ọ̀pọ̀ akin ló sáré bẹ́ẹ̀, tó di òkú kejì. Ó dàyà délẹ̀, ó ju okùn tirẹ̀ sí mi, nítorí ó ti ń gbé irú ẹrù mi láì wí fún ẹnikẹ́ni. Ó ń pariwo, "Bàbá, ẹ máa fẹsẹ̀ lu omi! Ẹ ò ní fi èmi àti Alága sílẹ̀!" Nígbà tí ẹ fà mí jáde, mo sunkún lójú gbogbo yín, ojú ò tì mí.

Láti ìgbà tí mo ti ní mo fẹ́ sinmi, ẹ̀ ń wo ara yín lójú: ta ni yóò máa jẹ yìnyín ẹlòmíì? Mo bẹ̀rù pé ipò yẹn yóò ṣófo. Láàárọ̀ yìí ni ọmọ yìí wá bá mi, ó ní, "Bàbá, bí a bá ń lọlé, ẹ bọ́ síwájú mi."

Omi dídì kò ní là lábẹ́ yín. Ìgbàkígbà tí ẹ bá wẹ̀yìn, iná lẹ ó máa rí. Ẹ wá wo ọwọ́ mi: kì í ṣe ìkúùkù mọ́. Ìka kan ni. Ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ ṣé o.