Irin Tí Bọ̀dá Lásísì Fẹnu Kàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni. Síbẹ̀, mo ti ki èèyàn bọ inú ewu, ewu náà sì ń pọ̀ sí i. Mi ò lè dá a gbé mọ́.

Ọ̀mú-Àrán ni mò ń gbé. Nígbà tí mo jáde yunifásítì tí mi ò ríṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ jọ. Mo máa ń tú wọn palẹ̀, mo máa ń fi kẹrosíìnì fọ ìpẹtà ara wọn, mo sì máa ń wá ọjọ́ orí wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ló máa ń jẹ́ kí n mọ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Bọ̀dá Lásísì, awakọ̀ tó ń ná Ìlọrin, ló gbé ẹ̀rọ kan wá. Ọlọ́wọ́ ni, ilé bọ́bìn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, òdòdó aláwọ̀ wúrà sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kò tíì parẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú rẹ̀.

Wọ́n ní àwọn àti Àǹtí Rísì, ọmọ ìyálé ìyá wọn, ló ń jà sí i. Àǹtí Rísì ní ìyá òun ló gbé e wá sílé ọkọ. Bọ̀dá Lásísì ní lẹ́yìn tí ìyálé kú ni bàbá àwọn rà á fún ìyá tàwọn, tuntun nínú páálí. Ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn nìyẹn, wọ́n sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn.

"Akọ̀wé, ṣáà bá wa wo ọjọ́ orí ẹ̀," wọ́n ní. "Tó bá jẹ́ tiwa, máa mú un. Ta ló ń ránṣọ nílé wa?"

Mo wò ó. Àpótí igi tó jókòó lé àti ọwọ́ tí à ń fi yí i kò dàgbà tó ìyókù. Ẹnìkan ti pààrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ gíríìsì tó bo nọ́ńbà, mo rí i pé irin náà fúnra rẹ̀ ti wà láyé kí ìyálé tó relé ọkọ. Kò lè jẹ́ tuntun inú páálí tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ẹbí pàdé, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ kan àpótí, mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, "Èyí àti èyí, lẹ́yìn ikú Màmá Àǹtí Rísì ni wọ́n ṣe wọ́n." Mi ò mẹ́nu kan irin. Mo mọ ohun tí wọ́n máa rò, ohun tí mo sì fẹ́ kí wọ́n rò nìyẹn.

Àǹtí Rísì ò sunkún. Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn. "Lásísì, ìwọ tó ò ń wa mọ́tò, irin nìyí. Fẹnu kàn án, kó o búra."

Àgbà kan ní, "Rísì, mùsùlùmí ni wá o."

"Ọ̀nà Ìlọrin kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ awakọ̀."

Bọ̀dá Lásísì rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé torí èyí náà ni?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fẹnu kan ọrùn ẹ̀rọ náà. "Bí ẹ̀rọ yìí ò bá jẹ́ ti ìyá mi, kí irin má mọ̀ mí lójú títì mọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà yẹn ló yẹ kí n pariwo. Òdòdó wúrà náà ni mò ń wò. Ẹ̀rù ń bà mí kí itọ́ má bà á jẹ́.

Ẹbí gba ìbúra náà, Bọ̀dá Lásísì sì ní kí n máa gbé ẹ̀rọ náà lọ. Láti ìgbà náà, táyà wọn ti bẹ́ ní Àjàṣẹ́. Mo lọ wo táyà náà, ó ti jẹ tán tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bíréèkì kọ̀, ọkọ̀ yà wọ igbó, kò sẹ́ni tó kú. Mi ò lè sọ pé irin ló ń jà, kò sí ẹ̀rí. Èyí tó dá mi lójú ni pé Bọ̀dá Lásísì kò tíì tún bíréèkì náà ṣe dáadáa. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbá mi léjìká.

"Akọ̀wé, irin mọ̀ mí. Ẹni tó búra èké ni kó máa sá. Ṣé o ò rí i pé mo yọ ni?"

Bí wọ́n bá ṣe ń yọ, bẹ́ẹ̀ ló ń dá wọn lójú sí i pé òótọ́ ni ìbúra wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi pa mọ́ ni wọ́n fi ń sáré lójú títì.

Bí mo bá sọ ọ́, ọwọ́ wọn lè máa gbọ̀n lórí sítíárì, torí wọ́n gba irin gbọ́. Mo ti ro ìyẹn síwá sẹ́yìn. Mo sì tún ń bi ara mi bóyá ẹ̀rọ náà ni mi ò kàn fẹ́ dá padà. Ó wà níyàrá mi, ó ń dán. Mi ò tíì lè ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Bọ̀dá Lásísì ni, àbí Àǹtí Rísì tó ní kí wọ́n búra? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Àwọn èrò tó máa wọ ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọ̀la ò mọ̀ mí rí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á gbé ọmọ wọn lé itan. Àwọn gan-an ni mò ń bẹ̀ pé kí wọ́n forí jì mí.